Ikùn Yó, Ọpọlọ Ò Gbà

Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo fi ń pe ara mi ní wọ̀bìà. Màá jẹun yó bámúbámú, síbẹ̀ bí nǹkan dídùn bá yọjú, ọwọ́ mi á ti débẹ̀ kí n tó rántí pé ebi ò pa mí.

Dókítà kan ló là mí lóye pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ti ikùn nìkan. Ọpọlọ ń ṣe èròjà tiẹ̀ tó jọ ti igbó, ó sì ń ṣe òmíràn tó jọ mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára nì. Ti àkọ́kọ́ ń mú kí oúnjẹ máa wù wá (ẹ ṣáà mọ bí ẹni tó mugbó ṣe máa ń wá oúnjẹ kiri). Ti ìkejì ń mú kó dùn, kí ẹnu má fẹ́ ṣíwọ́.

Mo ní kí ló dé tí wọn ò kàn dí ọ̀nà ti igbó yẹn pa. Ó ní wọ́n ti dán an wò. Oògùn rimonabant, wọ́n fọwọ́ sí i nílẹ̀ Yúróòpù lọ́dún 2006. Àwọn tó lò ó fọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayé sú àwọn kan débi pé wọ́n ń ronú àtipa ara wọn. Wọ́n dá a dúró lọ́dún 2008. Ohun tó ń jẹ́ kí oúnjẹ wuni ò jìnnà sí ohun tó ń jẹ́ kí ayé wuni.

Oògùn tó ń dín ìsanra kù, naltrexone pọ̀ mọ́ bupropion, ló kọ fún mi. Bupropion ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń sọ pé "ó tó". Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kan náà a tún máa tú endorphin jáde, ìyẹn èròjà tó jọ mọ́fíìnì tí mo wí, tí í fa ìjánu tiwọn. Naltrexone ló ń tú ìjánu ọ̀hún. Èébì kọ́kọ́ ń gbé mi gan-an. Nígbà tó yá, mo gbàgbé ṣokoléètì sórí tábìlì fún ọjọ́ méjì. Kì í ṣe pé mo bá ara mi jà o, mi ò rántí rẹ̀ ni.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Mo lọ yọ eyín, ojú sì tì mí láti sọ pé mò ń lo oògùn ìsanra. Wọ́n fún mi ní codeine, oògùn ìrora tó jọ mọ́fíìnì. Ìrora ò gbọ́ rárá: ibi tó yẹ kí codeine jókòó sí lọ́pọlọ, naltrexone ti gbà á. Ẹnì kan ní kí n fi méjì kún un. Mo dúpẹ́ pé mo kọ́kọ́ pe dókítà, torí ẹni tó bá ń da codeine lé codeine láti borí naltrexone, èémí rẹ̀ lè dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń lo tramadol tàbí oògùn ìrora mìíràn tó jọ mọ́fíìnì, ẹ má fọwọ́ kan naltrexone. Ẹni tó ní wárápá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀, kó jìnnà sí bupropion.

Gbogbo oògùn tí mò ń lò ti wà ní kíkọ sínú fóònù mi báyìí. Ti ìsanra ni mo kọ sókè pátápátá.