Ta Ló Ń Fà Á?

Bí ọmọ bá gbé ìṣirò circular motion, ìyẹn ti ohun tó ń yí po, wá bá mi, mo máa ń ní kó fi fọ́múlà sílẹ̀ ná. Gbogbo wọn ló ti há mv²/r sórí kí wọ́n tó dé: m ni ìwọ̀n ohun tó ń yí, v ni eré tó ń sá, r ni bó ṣe jìnnà sí àárín tó. Wọn ò tíì ka ìbéèrè tán tí wọ́n á ti máa wá nọ́ńbà tí wọ́n máa kó sínú ẹ̀. Èmi ò tíì fẹ́ nọ́ńbà. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń fa nǹkan.

Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn níbí ni mo ti ń ṣe lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ fáwọn ọmọ tó ń múra WAEC. Ọ̀kan nínú wọn ya mọ́tò Micra tó ń yí ráńdábáòtù po. Ó fa ọfà kan wálẹ̀, ìyẹn ìwúwo mọ́tò. Ó fa ọ̀kan sókè, ìyẹn ipá tí ojú títì fi gbé e dúró. Ó fa ti fíríkíṣọ̀n, ìyẹn dídi tí ojú títì di táyà mú, sí àárín. Ó dáa títí débẹ̀. Ló bá tún fa ìkẹrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fíríkíṣọ̀n, ó kọ "centripetal force", ìyẹn ipá tó ń fa nǹkan sáàrin, sí i lára.

Mo ní, "Ilẹ̀ ayé ló ni ọfà àkọ́kọ́. Ojú títì ló ni ìkejì, òun náà ló ni ìkẹta, torí òun ló di táyà mú. Ìkẹrin ńkọ́, ta ló ń fa mọ́tò níbẹ̀?"

Ó ronú títí. "Àǹtí, yíyí tó ń yí ni."

Yíyí kì í fa nǹkan kan. Newton ti là á sílẹ̀ láti 1687 pé ohun tó bá ń lọ, ọ̀nà tààrà ló máa máa gbà, eré kan náà ló máa máa sá, àfi bí ipá kan bá dá sí i. Ohunkóhun tó bá wá ń yí po, nǹkan kan ń fà á sáàrin ni: fíríkíṣọ̀n ni fún mọ́tò, okùn ni fún òkúta tí wọ́n so mọ́ okùn, òòfà ilẹ̀ ayé ni fún òṣùpá. mv²/r kì í ṣe ọ̀kan kún wọn. Bí fífà yẹn ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó ló ń sọ. Mo ní kó pa ọfà kẹrin rẹ́.

Mo wá mú bírò tó ti tán, mo yọ inú ẹ̀ kúrò, mo ki òwú tó nípọn bọ ihò ẹ̀ já. Mo so íréésà mọ́ orí òwú lókè, mo so kọ́kọ́rọ́ mélòó kan mọ́ ìsàlẹ̀. Mo di bírò mú lóòró, mo ń fi íréésà yí lókè orí. Kọ́kọ́rọ́ dúró sójú kan láàárín òfurufú. Mo yí i kíákíá sí i, kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọmọ náà fọwọ́ kan òwú lábẹ́ bírò, ó rí i bó ṣe le gan-an. Ó pariwo pé, "Kọ́kọ́rọ́ ló ń fà á!" Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó méjì níwájú Micra náà mọ̀ ọ́n. Bí awakọ̀ bá ń yí ráńdábáòtù, ẹ̀yin méjèèjì á wọ́ sí ilẹ̀kùn ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni ò tì yín. Ara yín ló fẹ́ máa lọ tààrà, ilẹ̀kùn ló wá ń tì yín wọlé.

Ìgbà yẹn la tó gba nọ́ńbà láàyè. Ká ní r jẹ́ 20 mítà, coefficient of friction (μ, bí ojú títì ṣe di táyà mú tó) 0.7, g (bí òòfà ilẹ̀ ayé ṣe lágbára tó) 10. Fíríkíṣọ̀n ló ń fà á, nítorí náà μmg = mv²/r. m wà lápá méjèèjì, ó pa ara ẹ̀ rẹ́. Micra òfìfo àti èyí tó kún fọ́fọ́, ìdáhùn kan náà ni. v² di 140, v di nǹkan bíi 11.8 m/s, ó lé díẹ̀ ní 42 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí òjò bá sọ 0.7 di 0.4, ó já sí nǹkan bíi 32. Eré tó bá ju ìyẹn lọ, táyà máa yọ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó máa wa mọ́tò lọ́la ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ìṣirò yìí rí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa wọ ti títì tó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Níbẹ̀, ipá tí ojú títì fi ń gbé mọ́tò dúró máa bá fíríkíṣọ̀n fà á sáàrin.