Had kan ṣoṣo ló fẹ́ẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi

Ẹ má fojú kéré had inú èdè òyìnbó yẹn o. Nígbà tí mò ń bá wọn tajà ní Balógun, kọ́sítọ́mà kan wá láti Ìkòròdú, ó bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, ló bá lọ fẹjọ́ mi sun ọ̀gá mi. Ọ̀gá ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lóyìnbó, èmi náà sì kọ ọ́ gàdàgbà: "When the customer came, I locked the shop." Yéè! Ohun tí wọ́n kà níbẹ̀ ni pé mo rí ìyá yẹn tó dé, mo wá gbá ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tó fi máa dé, mo ti wà nínú dánfó tó ń lọ sí Ojúẹlẹ́gbà. "I had locked the shop" ló yẹ kí n kọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Yorùbá ti bá mi ṣe é tán. "Nígbà tó dé, mo tilẹ̀kùn", ti kan ló wà níbẹ̀, ti ìlẹ̀kùn ni. "Nígbà tó dé, mo ti tilẹ̀kùn", ti ti di méjì, èyí tó ṣíwájú yẹn gan-an ni had. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà o, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá jẹun báyìí tẹ́ ẹ ní "mo ti jẹun", have nìyẹn, "I have eaten".

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ya wèrè had. I had woken up, I had bathed, I had entered danfo, àní mo kọ "had went" pàápàá, gone ló sì yẹ kó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe tíṣà ní Mushin kà á, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Rìfáàsì ni had. Ṣé rìfáàsì lo máa fi wa mọ́tò láti Yaba dé CMS ni?" Pé tí ìtàn bá ń lọ síwájú bó ṣe ṣẹlẹ̀, woke, bathed, entered, ó parí. Ìgbà téèyàn bá fẹ́ padà sẹ́yìn mú nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ló ń fa had. Tí before bá sì ti wà níbẹ̀, "I locked up before she came", ẹ lè fi had sílẹ̀, before ti ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Ọ̀gá gbà fún mi nígbà tó yá. Ìyá Ìkòròdú ò tíì gbà títí dòní.