Ìrànwọ́ Lẹ́yìn Iná Igbó: Òkè-Ògùn àti Altadena

Ní Òkè-Ògùn tí wọ́n bí mi sí, ìgbà ọyẹ́ ni iná máa ń jó pápá. Àgbẹ̀ kan á sun oko rẹ̀, ọdẹ kan á finá lé ẹran, afẹ́fẹ́ á sì gbé e dé oko káṣú àti abà ẹlòmíràn. Ní ìhà Los Angeles tí mò ń gbé báyìí, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Santa Ana ló gbé iná Eaton wọ ìlú Altadena lálẹ́ ọjọ́ keje oṣù kìíní ọdún 2025, ilé tó jóná sì lé ní 9,000. Ọṣẹ́ tí iná ń ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìrànwọ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé rẹ̀ jó kò jọra rárá.

Nílé, kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ kí ó tó ṣàánú rẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ará ilé ti gbé gàrí àti aṣọ dé, ẹgbẹ́ á dá owó jọ, àwọn ọkùnrin á sì ṣe ọ̀wẹ̀ láti tún abà kọ́. Mátíràásì, páànù àti àpò ìrẹsì ìjọba kì í tètè dé, kì í sì í tó. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú káṣú tí iná wá jó o, kò sí ẹni tí yóò san owó rẹ̀ fún un, ohun tó sì máa ń dùn mí jù nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé ni owó ń tọ̀ lọ. Àwọn adójútòfò ni a kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀, nítorí FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjálù, kì í san ohun tí adójútòfò ti san. Nígbà iná náà, FEMA ń fúnni ní 770 dọ́là fún oúnjẹ àti àìní kánjúkánjú. SBA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún okòwò kéékèèké, sì ń yá onílé ní owó tó lè tó 500,000 dọ́là láti tún ilé kọ́, àti onílé àti ayálégbé ní tó 100,000 dọ́là fún ẹrù tó jóná. Ní ibùdó ìrànwọ́ tí wọ́n ṣí sí Pasadena City College lẹ́yìn iná náà, àwọn èèyàn rí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí bá sọ̀rọ̀ lójúkojú, èyí tó sàn ju orí fóònù lọ fún àwọn àgbà wa.

Mo jókòó ti màmá kan láti Ìjẹ̀bú nígbà tí a ń kọ àkójọ ẹrù rẹ̀ fún adójútòfò: ohun tó jóná, ọdún tó rà á, iye tó rà á. Ìkòkò àti àga kò le. Nígbà tó kan aṣọ òkè, mo ní, "Màmá, ọdún wo lẹ ra ìró yìí?" Wọ́n ní, "Ìyá mi ló fi ṣe ìyàwó." Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì ní kí n fò ó. Mi ò fò ó. A wá àwòrán òde kan tí wọ́n ti ró o, a sì fi mọ́ ọn. Òfin Califọ́níà ìgbà náà sọ pé bí ilé bá jó tán nínú irú àjálù bẹ́ẹ̀, adójútòfò gbọ́dọ̀ san ó kéré tán ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n fi dáàbò bo ilé náà, títí dé 250,000 dọ́là, fún ẹrù láìsí àkójọ kankan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ kò ní béèrè.

Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa máa ń pa á tì nígbà tí lẹ́tà FEMA àkọ́kọ́ bá ní wọn kò yẹ. Nígbà mìíràn, ìwé kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ọgọ́ta ọjọ́ sì wà láti pe ìpinnu náà lẹ́jọ́. Àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú ń bẹ̀rù láti sún mọ́ ibẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ wọn kékeré bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n lè béèrè ní orúkọ ọmọ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wa níbí ṣe ni pé, yàtọ̀ sí owó tí wọ́n ń dá, kí wọ́n máa ṣe ọ̀wẹ̀ ìwé: kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n ka gbogbo lẹ́tà, kí wọ́n sì ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí iná tó dé.