Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ọ̀rọ̀ erékùṣù Chagos

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ òfin àti òṣèlú, ẹ máa ń bi mí pé ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ bí ìjà ilẹ̀ bá wà láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Ẹ kọ́kọ́ béèrè àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè owó.

Ẹ wo Chagos, àwọn erékùṣù kéékèèké tó dá wà láàárín Òkun Íńdíà. Lọ́dún 1965 ni Brítéènì gé e kúrò lára Mauritius, ó san mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn fún wọn. Ọdún 1968 ni Mauritius tó gbòmìnira. Amẹ́ríkà ló fẹ́ fi Diego Garcia, èyí tó tóbi jù níbẹ̀, ṣe ibùdó ológun. Ní oṣù Kẹjọ 1966, ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ tó ń rí sọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní London kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní sí ọmọ onílẹ̀ kankan níbẹ̀ yàtọ̀ sí ẹyẹ òkun. Bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ń bẹ níbẹ̀ láti ìran dé ìran, iṣẹ́ àgbọn ni wọ́n ń ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú wọn sí. Láàárín 1968 sí 1973, Brítéènì kó gbogbo wọn lọ sí Mauritius àti Seychelles. Ní Diego Garcia, wọ́n kó ajá wọn sínú ilé tí wọ́n ti ń yan àgbọn gbẹ, wọ́n fi èéfín ọkọ̀ pa àwọn ajá náà. Inú ń bí mi títí dòní. Ẹ ka àwọn ìwé náà fúnra yín.

Ẹ mọ irú ìdájọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kà pẹ̀lú. Lọ́dún 2019, adájọ́ 13 nínú 14 ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé sọ pé kí Brítéènì kúrò níbẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni. Ti Bakassi lọ́dún 2002 kì í ṣe ìmọ̀ràn, ìdájọ́ tó de Nàìjíríà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bọ́lá Ajíbọ́lá tí Nàìjíríà yàn síbẹ̀ kò fara mọ́ ọn.

Nígbà tó jẹ́ ìmọ̀ràn, ọwọ́ olóṣèlú ló bọ́ sí. Ìjọba ẹgbẹ́ Conservative ní Brítéènì ló bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò pẹ̀lú Mauritius ní 2022. Nígbà tí wọ́n kúrò lórí àlééfà, wọ́n ta ko àdéhùn tí ìjọba Labour bá Mauritius ṣe ní oṣù Karùn-ún 2025, pé Mauritius ló nilẹ̀, Brítéènì á sì háyà Diego Garcia fún ọdún 99, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 101 pọ́n-ùn lọ́dún. Ẹgbẹ́ òṣèlú Reform UK ti Nigel Farage náà ta kò ó.

Ibi tówó ti wọ̀ ọ́ rèé. Òfin Brítéènì ní kí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ẹ̀bùn tó bá ju 11,180 pọ́n-ùn lọ tó Electoral Commission, àjọ tó ń bójú tó ètò ìdìbò níbẹ̀, létí, wọn á sì gbé orúkọ, iye àti ọjọ́ síta fún gbogbo ayé. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé Christopher Harborne, oníṣòwò tó ń gbé ní Thailand, fún Reform ní mílíọ̀nù 9 pọ́n-ùn nínú ẹ̀bùn kan ṣoṣo lọ́dún 2025. Àkọsílẹ̀ yẹn ń sọ ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà. Kò sọ ìdí. Pé ẹgbẹ́ kan gbowó, pé ó sì ní èrò kan lórí erékùṣù, ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn. Ìwé kẹta ló lè so wọ́n pọ̀. Bí ẹ kò bá ní ìwé kẹta, ẹ kọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ dákẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tó ti kúrò ní Brítéènì tipẹ́ lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kó sì fẹgbẹ́ lówó. Láti oṣù Kìíní 2024 ni òfin ti yọ gbèdéke ọdún 15 tó wà fún irú wọn kúrò. Àmọ́ àwọn ọmọ Chagos, tí ọ̀pọ̀ wọn wà ní Crawley lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Gatwick, kò rí àga jókòó níbi tí wọ́n ti ń dúnàádúrà ilẹ̀ bàbá wọn. Èrò wọn kò sì dọ́gba: àwọn kan fẹ́ Mauritius, àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn náà, obìnrin méjì tí wọ́n bí sí Diego Garcia gba àṣẹ ilé ẹjọ́ lóru láti dá a dúró. Kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti fagi lé àṣẹ náà, wọ́n sì ti buwọ́ lùwé.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí rẹ̀ nínú yín, ẹjọ́ tí Olivier Bancoult, ọmọ Chagos kan, bá ìjọba Brítéènì ṣe, tó sì jàre ní ilé ẹjọ́ gíga London ní 2000, ni kó kọ́kọ́ kà, kó wá ka ti House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Brítéènì nígbà náà, lọ́dún 2008, tí adájọ́ mẹ́ta sí méjì fi gba ìjọba láyè láti má jẹ́ kí wọ́n padà sílé. Ọ̀rọ̀ àwọn méjì tí kò gbà yẹn, ẹ má fò ó.