Ẹ Mọ Irin Kẹ́ Ẹ Tó Tẹ̀ Ẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi,

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń ṣe jíìmù ní Mushin àti Ṣómólú: "Brọ̀dá, oògùn wo lẹ lò?" Wọ́n á ti rí sípánà tí mo fi ọwọ́ lásán ká, wọ́n á wá máa yọjú wo ọrùn ọwọ́ mi bóyá òǹdè wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ oògùn ni, ṣé ẹ rò pé màá ṣì máa bá wọn di irin òpó ilé látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Irin ní òfin tirẹ̀, òfin yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe ayọ́ọ̀n-bẹ́ńdà lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣì í gbọ́. Ẹ ń tẹ irin 16mm lórí tábìlì lójoojúmọ́, ẹ wá rò pé ìṣó lásán ò tó nǹkan. Páìpù tẹ́ ẹ fi ń yí irin yẹn gùn, ìṣó tá a kàn mọ́ tábìlì ló ń dì í mú, nítorí náà gígùn ló ń bá yín ṣiṣẹ́. Tí irin bá wá kù ní ínǹṣì 7 láàárín ọwọ́ méjì, kò sí páìpù mọ́. Ọrùn ọwọ́ yín nìkan ló kù, kò sì sí ohun tó ń pẹ́ dàgbà bí iṣan ibẹ̀. Àyà àti apá lè tóbi láàárín oṣù díẹ̀ kí ọrùn ọwọ́ ṣì wà níbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní irin méjì jẹ́ irú kan náà, tí wọ́n sì gùn bákan náà, ọ̀kan 6mm, èkejì 8mm. Ojú á ní ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n agbára tí irin róbótó ń béèrè ń tẹ̀lé ìnípọn rẹ̀ tá a sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: 6 × 6 × 6 jẹ́ 216, 8 × 8 × 8 jẹ́ 512. Ó ju ìlọ́po méjì lọ! Ẹni tó bá fò láti 6mm bọ́ sórí 8mm lọ́sẹ̀ kan náà ń wá ìrora ni. Gígùn ni kẹ́ ẹ fi ṣe àtẹ̀gùn. Ẹ lọ sí ọjà Owódé Onírin, ẹ ra 6mm, ẹ ní kí wọ́n gé e ní ínǹṣì 12, 12. (Ẹni tó ń tà á á bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi kọ́. Ẹ má dá a lóhùn.) Tí 12 bá ti ń rọrùn, ẹ gé e sí 11, lẹ́yìn náà 10, títí tẹ́ ẹ ó fi dé 7. Ìgbà yẹn lẹ tó lè padà sí ínǹṣì 12 pẹ̀lú 8mm. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tó ń fọwọ́ tẹ irin ń fẹ́ dé lágbàáyé ni irin tí wọ́n ń pè ní Red Nail, ti iléeṣẹ́ IronMind ní Amẹ́ríkà. Ínǹṣì 7 ni, ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 5/16 ínǹṣì, ìyẹn bíi 8mm. Ẹ má rò pé 8mm tá a fi ń ṣe ríìngì òpó ni wọ́n ń sọ o. Ìnípọn lè bára mu kí irin má bára mu.

Orí bóòtù ni mo ti kọ́ èyí dáadáa. Ẹ yí bóòtù kan sókè, ẹ wo orí rẹ̀, ẹ máa rí nọ́mbà bíi 4.6, 8.8 tàbí 10.9. Nọ́mbà àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí irin náà á ti já, èkejì ń sọ ìdá mélòó nínú mẹ́wàá rẹ̀ tó máa dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. 4.6 á já ní 400 megapascal (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára irin), ó sì máa gbà, ìyẹn ni pé á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, níbi 240. 8.8 kò ní gbà títí dé 640. Bóòtù méjì tó jọra bí ìbejì, ọ̀kan le ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀ àti díẹ̀! Ti Amẹ́ríkà kì í ní nọ́mbà, ilà ló máa ń ní: mẹ́ta túmọ̀ sí grade 5, mẹ́fà túmọ̀ sí grade 8 tó tún le jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ilà mẹ́fà, ẹ rọra dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un.

Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyí. Màá fi awọ tí àwọn oníbàtà ń lò wé etí irin méjèèjì kó le gbagidi, kí àárín tó ṣẹ́kù má ju ínǹṣì méjì lọ. Màá fi rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù, irú tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, so ó kó má baà yí. Tí owó awọ ò bá sí, ẹsẹ̀ jíǹsì àlòkù náà dáa. Màá gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sílẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ á lẹ̀ mọ́ ìhà, àtàǹpàkò méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lábẹ́ irin. Àtàǹpàkò yẹn ló ń gbé àárín dúró, ìyókù ọwọ́ á máa tẹ etí wálẹ̀. Ẹ má jà á lójijì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ìgbà tó bá fẹ́ gbà, ojú ò ní tíì rí nǹkan kan, ìka lá kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tó dúró gan-an ti rọ díẹ̀. Ibẹ̀ ló le jù. Lẹ́yìn náà ẹ má sinmi, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí á fi rí bíi lẹ́tà V, kẹ́ ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún un pọ̀ níwájú àyà. Ẹ fọwọ́ kan ojú ibi tó ti tẹ̀, ó máa gbóná. Ó sì ti le ju ìyókù ara irin lọ. Ẹ wo ìṣó tí káfíńtà nà padà, kókó kékeré kan á ṣì wà níbi tó ti tẹ̀ rí.

Lásìkò tẹ́ ẹ bá ń fún un, ẹ máa mí. Ẹni tó bá sé èémí pa, tó sì ń fipá ṣe é, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru, ìpá sì lè yọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Lọ́jọ́ yòókù, ẹ di ìdí ọ̀pá òòlù mú, kẹ́ ẹ máa rọra gbé orí rẹ̀ sókè pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ nìkan. Alexander Zass, ọkùnrin alágbára tí wọ́n ń pè ní Samson, fi ṣẹ́ẹ̀nì àti ọ̀pá irin tí kò mì rárá kọ́ agbára nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Èyí wúlò títí dòní: ẹ mú irin tó ju agbára yín lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀.

Sípánà ńkọ́? Òun ni èrò ń pàtẹ́wọ́ fún, òun ló sì yẹ kó kẹ́yìn. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, nítorí náà ojú tó pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá èyí tó gùn tó sì tinrin. Tí wọ́n bá kọ Chrome Vanadium sí i lára, wọ́n ti fi iná mú un le, ẹ ṣì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, ẹ má dán an wò láéláé. Kì í tẹ̀, ńṣe ló ń kán, àfọ́kù rẹ̀ sì lè fọ́ ojú. Ẹ wọ gọ́gù, awò tó ń dáàbò bo ojú, kódà fún ìṣó.

Ẹ má sì fọwọ́ kan sípánà mẹkáníìkì àdúgbò, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni. Ní ọjà Ládípọ̀, ẹ béèrè èyí tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, tí kò mú bóòtù mọ́. Wọ́n á tà á fún yín ní pọ́ọ́kú. Èyí tẹ́ ẹ bá ti ká tán, ẹ kó o jọ fún àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kiri. Ìṣó tẹ́ ẹ bá jù sójú títì, táyà dáńfó ló máa rí i.