Kámẹ́rà Ifẹ̀ àti kámẹ́rà Oberlin

Nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò inaugural ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Lójúkorojú, wákàtí kan ààbọ̀ ni. Mo wà níbẹ̀, ní Odùduwà Hall, yunifásítì Ifẹ̀, lọ́dún 1997. Mo sùn, mo jí, wọ́n ṣì wà lórí irú ilẹ̀ tí kòkó ń fẹ́. Fún ẹni tí kò bá mọ inaugural: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹni tó bá di ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, tòun ti aṣọ oyè lọ́rùn, tí VC, olórí yunifásítì, á jókòó tì wọ́n, tí ẹbí á sì kún gbọ̀ngàn bí ẹni pé ìyàwó la fẹ́ gbé. Kásẹ́ẹ̀tì wa gùn tó wákàtí mẹ́ta. Àwa ni kámẹ́rà ń wò. Ó gba ìlà iwájú lọ, ó ń dúró lójú kálukú: gèlè Màmá Iléṣà, àwọn àna tó wá láti Ìkìrun, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó ń yán, èmi nìyẹn. Iná orí kámẹ́rà náà mọ́lẹ̀ débi pé ńṣe ni gbogbo wa ń ṣẹ́jú bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró lóru.

Orí oní-fídíò ò dàrú o. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló wà lókè, ẹbí tó wà nísàlẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹni tó bá sì rí ojú ara rẹ̀ ló máa ra ẹ̀dà tirẹ̀. Bó bá ya fídíò tí kò sí ìyá àna níbẹ̀, ta ló fẹ́ sanwó ẹ̀?

N kò mọ̀ pé kámẹ́rà lè ṣe òmíràn àfìgbà tí mo dé Oberlin. Ìlú kékeré ni, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lápá gúúsù Adágún Erie. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju bí 8,000 lọ, oko àgbàdo àti sóyà ló yí i ká. Ká ní kò sí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà níbẹ̀ ni, ìlú téèyàn máa kọjá láì sọ̀ kalẹ̀ ra omi ni. Lọ́dún 1833 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1835, wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ aláwọ̀ dúdú máa wọlé, nígbà tí wọ́n ṣì ń ra èèyàn tí wọ́n ń tà á ní gúúsù orílẹ̀-èdè kan náà. A ò ní irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ nílé. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ò ju bí 3,000, bẹ́ẹ̀ Ifẹ̀ lé ní 30,000. Dìgírì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, ẹni tó ń kọ́ físíìsì á tún máa kọ́ ewì, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló ń wá kiri. Wọ́n tún ní ilé ẹ̀kọ́ orin láti 1865. Ìyẹn ló fà á tí ìlú tí Mọ̀dákẹ́kẹ́ gbé mì láì mu omi sí i fi ń ṣe eré orin lójú ọjọ́ gbogbo, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Èmi ò kàwé níbẹ̀. Ilé àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́: mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóògùn, mò ń tì wọ́n lórí àga onítáyà lọ síbi eré. Wọ́n ní kí n máa pe orúkọ wọn gan-an. Ẹnu mi ò gbà á. Màmá àti Bàbá ni mò ń pè wọ́n, ó sì ti mọ́ wọn lára. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ibi eré ni wọ́n sì ń lọ bí ìyá mi ṣe ń lọ sí ìsọjí.

Finney Chapel la sábà máa ń lọ. Ilé òkúta tí wọ́n kọ́ ní 1908 ni, ó gba bí 1,200 èèyàn, orúkọ oníwàásù kan tó ṣe olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà rí ni wọ́n fi sọ ọ́. Aago méje ààbọ̀ níbẹ̀, méje ààbọ̀ ni. Bí o bá pẹ́, ìta lo máa dúró sí títí wọ́n á fi sinmi. (Nílé, inaugural nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lákòókò, nítorí VC ni.) Ẹ̀rọ gbohùngbohùn so rọ̀ láti òkè lórí wáyà tín-ín-rín, bí aláǹtakùn. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn pátápátá, pèpéle nìkan ló dojú kọ, kò sẹ́ni tó dúró tì í. Màmá tí mò ń tì ló kọ́ mi pé kí n ti bó súìtì kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ ọ̀rá. Ẹ rò ó wò. Èmi tí mo dàgbà síbi tí onílù ti máa ń dákẹ́ sí ọ lára bí o kò bá dáhùn, tó máa wò ọ́ lójú pé ṣé kò dùn mọ́ ọ ni.

Bí ó bá jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, ọ̀rọ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ àwòrán fún ẹni tí etí rẹ̀ ti wúwo. Ẹ̀rọ ló ń kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan ń sọ̀rọ̀ lórí Ọ̀ṣun, ẹ̀rọ ń kọ ọ́ ní òkun lédè Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn àgbàlagbà mi bi mí lọ́jọ́ kejì pé báwo ni òkun ṣe ń fún obìnrin lọ́mọ. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá parí, wọ́n á tò sẹ́yìn ẹ̀rọ láti béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ ogún ọdún á dìde takò ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀jọ̀gbọ́n á sì dúpẹ́. Nílé, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ọ̀rọ̀ níbi inaugural, bí àṣà ṣe rí nìyẹn. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, ó di item seven.

Kì í ṣe pé àwa ò tọ́jú nǹkan. Wọ́n máa ń tẹ inaugural sínú ìwé pẹlẹbẹ, wọ́n á sì pín in lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn, ṣì wà nínú àpótí ìyá mi. Ojú ewé mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, orúkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú àmì. Nítorí náà, ohun tí Bàbá sọ wà nínú ìwé, ojú àwa tí a gbọ́ ọ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ohun tó já sáàárín àwọn méjèèjì ló ń dùn mí. Ní nǹkan bí ìdajì ọ̀rọ̀, wọ́n gbé ojú kúrò nínú ìwé, wọ́n wo ìyá wọn tó jókòó níwájú, wọ́n sì sọ nǹkan kan lédè Ifẹ̀ gidi, irú èyí tí a ń sọ nínú ilé. Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, VC rẹ́rìn-ín, Ìyá Àgbà fi ìborùn bojú. Kí ni wọ́n sọ? Kò sí nínú ìwé. Nínú kásẹ́ẹ̀tì, kúlà oúnjẹ ni kámẹ́rà ń yà lọ́wọ́ ní ìdí ògiri, oní-fídíò sì ti gbé orin jùjú lé ohùn gbogbo lórí kí ó lè dùn. O kàn máa rí Ìyá Àgbà lẹ́yìn náà, tí ìborùn ń kúrò lójú wọn. Bàbá ti kú lọ́dún 2009, Ìyá Àgbà ti lọ ṣáájú.

Ká ní Oberlin ni, ma bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kedere. Ṣùgbọ́n n kò ní mọ̀ láéláé pé ẹnì kan fi ìborùn bojú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1965, Martin Luther King wá bá àwọn tó ń gboyè jáde ní Oberlin sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà wà lákọsílẹ̀ dòní. Mo kà á. Ta ló jókòó ti ta, aṣọ wo ni wọ́n wọ̀, kí ni wọ́n jẹ? N kò rí ìyẹn níbẹ̀. Ìyá mi, tó wo eré Ọlá Rotimi n'Ífẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, lè ka gbogbo ẹni tó jókòó nílà wọn fún ọ. Ọ̀rọ̀ eré náà ni wọn ò rántí mọ́.

Lọ́dún 2020, nígbà tí Kòrónà ti ilẹ̀kùn mọ́ wa nílé àgbàlagbà, mo ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì láti yàrá dé yàrá kí wọ́n lè wo ẹni tó ń ta dùùrù nínú ilé tí kò séèyàn. Ó mọ́, ó dára, ó dà bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún yẹn náà la sin ìyàwó Bàbá n'Ífẹ̀, orí fóònù ni mo ti wò ó. Dátà ń já, ohùn ń gé, n kò gbọ́ ìwàásù kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ ń yí i sójú kálukú gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé eyín iwájú ẹ̀gbọ́n mi ti ká. Kò sọ fún mi lórí fóònù rí. Láti ọjọ́ náà mo ti dárí ji oní-fídíò ọjọ́sí díẹ̀, kì í ṣe tán.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí mò ń tọ́jú jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Oberlin ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1953, nígbà tí Dave Brubeck, ará Amẹ́ríkà tó ń ta dùùrù, àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣeré wá ṣeré jásì ní Finney Chapel. Ilé ẹ̀kọ́ orin ibẹ̀ kì í kọ́ni ní jásì nígbà yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló lọ pè wọ́n wá. Wọ́n gba ohùn eré náà, ó di àwo, àwo náà sì lókìkí títí dòní. Yàtọ̀ sí èyí tí mo ti ń sọ, ariwo èrò pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá gbé e sí i ní yàrá bàbá tí mò ń tọ́jú náà, wọ́n á gbé ìka sókè kó tó dé ibì kan. Ẹnì kan á han.

“Èmi nìyẹn,” wọ́n á ní. “Ọmọ ogún ọdún ni mí.”

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ àwọn. Ṣùgbọ́n ta ló máa jà wọ́n níyàn?

Èmi náà wà nínú ohùn tí wọ́n gbà ní Oberlin. Òtútù ọdún 2019 ni, mo ṣe iṣẹ́ òru mọ́jú, mo ti Màmá lọ síbi tí àwọn mẹ́rin ti ń ta gòjé. Wọ́n dé ibì kan, wọ́n dúró, ó dùn mí dénú. Mo pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dún kí Màmá tó gbé ọwọ́ wọn lé tèmi jẹ́jẹ́. Apá kìn-ín-ní péré ló parí, apá mẹ́ta ṣì ń bọ̀, a kì í sì í pàtẹ́wọ́ láàárín. Nígbà tí wọ́n gbé eré náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo lọ wò ó. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ó wà níbẹ̀: pá, pá, pá.

Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí WhatsApp. Wọ́n pè mí padà, wọ́n ní àwọn ti wò ó tì, àwọn ò rí mi. Mo ní ẹ ò lè rí mi, ẹ fetí sí ìṣẹ́jú kẹsàn-án. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn wọn tó wọlé.

“Mo ti gbọ́ ọ. Àwọn yòókù ńkọ́, ṣé kò dùn mọ́ wọn ni?”