Ìwé ìwọ̀n kì í ṣe tiwa

Ọdún 15 pé lóṣù yìí tí mo ti ṣe fúrídọ̀mù. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọṣẹ́ mi. Ti aṣọ gígé àti ẹ̀rọ títọ́jú kò sí níbẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn.

Èkíní: ẹ má gbé nǹkan oníbàárà sórí ayélujára láìgbàṣẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín ya fọ́tò ojú ìwé ìwọ̀n wa, ó gbé e sórí Facebook: orúkọ màmá kan, nọ́ńbà fóònù wọn, ìwọ̀n àyà àti ìdí wọn. Mo ní kó yọ ọ́. Ó ní, "Àǹtí, ṣé a jalè ni? Kí la fẹ́ fi pamọ́?"

Ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu èmi náà nìyẹn títí di ọdún 2021. Oníbàárà kan jẹ mí lówó aṣọ ẹbí, kò san án, mo bá lọ yá 20,000 náírà lórí áàpù kan. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wo gbogbo nọ́ńbà inú fóònù mi. N ò tilẹ̀ kà á tán tí mo fi tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́, fọ́tò mi ti wà lórí WhatsApp àwọn oníbàárà mi, wọ́n kọ ONÍJÌBÌTÌ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Ìyá kan tí mo ti ń ránṣọ fún láti ìgbà ìkómọ àkọ́bí wọn rán ọmọ wá gba bùbá tí mo ti gé. Ó kó o lọ tòun ti pín-ìn-nì lára rẹ̀. Wọn ò bi mí léèrè ohunkóhun.

Mo san owó náà tèlé-tèlé. N ò tí ì dárí ji àwọn oní-áàpù yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ń pè tí wọ́n ń bú kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Torí kí n lè pè wọ́n bí aṣọ bá ti yá ni wọ́n ṣe fún mi ní nọ́ńbà. Èmi ni mo kó wọn lé ẹlẹ́yà lọ́wọ́.

Lọ́dún 2023, ìjọba fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa èèyàn, bí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, Google náà sì ka wíwo nọ́ńbà inú fóònù léèwọ̀ fún àwọn áàpù ayánilówó. Ó dára. Bùbá yẹn ti kúrò lórí tábìlì mi kí òfin tó dé.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó kù á di ọjọ́ mìíràn. Ìwé ìwọ̀n ti wọ dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò aṣọ, kó fi í kọ́ hángà. Ìwọ tó o gbé e síta, lọ sílé màmá yẹn lónìí, kó o fẹnu ara rẹ sọ fún wọn ohun tó o ṣe. Màá tẹ̀ lé ọ.